Ojú Ọba Méjì Lórí Fàdákà Kan

Ọ̀sẹ̀ tí ìyá àgbà kan tẹ̀ wá láago láti Williamsbridge gan-an ni owó fàdákà àtijọ́ ọ̀hún dé ṣọ́ọ̀bù wa. Bí wọ́n bá ní kí n yan ọ̀sẹ̀ tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yóò bọ́ sí mi lọ́wọ́, n ò ní yan ìyẹn láéláé. Ara mi ò balẹ̀ rárá. Mo lè dìde lórí àga láìmọ ohun tí mo fẹ́ lọ mú, kí n dé ilé ìdáná, kí n ṣí fíríìjì, kí n tún un pa, kí n padà wá jókòó, kí n sì tún dìde. Ìyàwó mi ní mò ń ṣe bí adìẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó fi ọ̀rọ̀ adìẹ sílẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni pé mo máa ń ya owó àtijọ́ ní fọ́tò. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Manhattan, níbi tí àwọn tó fẹ́ràn owó àtijọ́ ti máa ń wá rà á. Obìnrin àgbàlagbà kan tí wọ́n bí ní Ìráànù ló ni ín. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í rẹ́rìn-ín, àfi tí ẹnìkan bá gbé ayédèrú wá. Tí ọjà tuntun bá dé, èmi ni mo máa ń wọ̀n ọ́n, tí n óò gbé e sábẹ́ iná, tí n óò ya iwájú rẹ̀, tí n óò yí i padà, tí n óò ya ẹ̀yìn rẹ̀. Iṣẹ́ sùúrù ni, sùúrù gan-an sì ni n kò ní lọ́sẹ̀ náà.

Fàdákà àwọn ará Pátíà ni, àwọn tó jọba láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Ìráànù. Àwọn ará Pátíà kan náà tí a máa ń gbọ́ ìròyìn wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, tí ẹni tó ń kàwé yóò kọsẹ̀ lórí orúkọ ìlú wọn, tí yóò sì sáré kọjá. Ó fẹ̀ ju owó kọ́tà Amẹ́ríkà lọ díẹ̀, ó sì nípọn. Ọba onírùngbọ̀n kan wà lórí rẹ̀, ó de ọ̀já mórí, imú rẹ̀ gùn, ojú rẹ̀ le. Mo kọ́kọ́ rò pé fàdákà náà ti ya lára ni, nítorí mo rí ìlà kan lẹ́yìn ọrùn ọba yìí. Nígbà tí mo yí iná sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìlà náà di imú. Abẹ́ imú ni mo ti rí irùngbọ̀n. Ọba mìíràn wà lábẹ́ ọba yìí, ó ń wò mí láti ẹ̀yìn ọrùn ẹni tó bò ó mọ́lẹ̀.

Mo pe ọ̀gá mi. Ó gbé gíláàsì tí a fi ń wo nǹkan kéékèèké sójú, ó wò ó, ó ní, "Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n. Wọ́n jọ pa bàbá wọn, wọ́n wá dojú ìjà kọ ara wọn lórí ìtẹ́. Ẹni tó bá gba ìlú lónìí á kó owó tí èkejì ti ṣe síta, á fi iná sun ún, á gbé e lé orí irin tí wọ́n gbẹ́ ojú tirẹ̀ sí, á sì fi òòlù lù ú."

Ìdílé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ti bí mi. Bàbá mi àgbà ló ni ẹwìrì ní àdúgbò wa, mo sì mọ ohun tí òòlù lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe. Mo bi ọ̀gá mi pé kí ló dé tí ọba náà ò kúkú yọ́ fàdákà náà pátá, kó tún un rọ, kó lè rọ́nà pa ojú àtijọ́ rẹ́.

"Ọba tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ máa ń yọ́ ọ," ni ó wí. "Ẹni tó bá ń lu ojú kan lé orí èkejì báyìí, ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ń kánjú."

Ó gbé gíláàsì rẹ̀ sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú títí ilẹ̀ fi ṣú, bẹ́ẹ̀ èmi kọ́ ni ó ń bá wí.

Kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ilé wa ṣe jẹ́. Ọmọbìnrin wa ń rákò nígbà tí mo pàdé ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Grand Concourse. Bàbá tó bí i ti padà sí Ìbàdàn kí wọ́n tó bí i, kò sì wẹ̀yìn mọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìrìn nínú pálọ̀ wa ní Highbridge níbí ní Bronx. Èmi ni mo máa ń tì í nínú kẹ̀kẹ́ ọmọdé gun òkè tó wà níwájú ilé wa, òkè tó jẹ́ pé àwọn tí kò gbébẹ̀ máa ń dúró mí lójú ọ̀nà. Mo lọ sí kóòtù, mo buwọ́ lùwé, ọmọ ń jẹ́ orúkọ ìdílé mi. A kò fi nǹkan kan pamọ́ fún un. Ó mọ̀ pé bàbá kan wà ní Ìbàdàn bí ó ti mọ̀ pé òkun wà: ó wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò kàn án. Nígbà tí ìròyìn dé pé ọkùnrin náà kú, ó bi wá bóyá ó yẹ kí òun sunkún. Ìyá rẹ̀ ní kó ṣe bó bá ṣe ń ṣe é. Ó lọ wẹ̀.

Ìyá ọkùnrin yẹn ló wá sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Williamsbridge, tó gba nọ́mbà ìyàwó mi, tó sì pè é. Ó ní, "Ọmọ mi ò bí ẹlòmíràn láyé. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ dá orúkọ rẹ̀ padà sára ọmọ rẹ̀, kó má baà parẹ́. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sunday."

Ìyàwó mi sọ ọ́ fún mi nígbà tó ń wọ aṣọ iṣẹ́, nítorí ó mọ̀ pé tí òun bá jókòó sọ ọ́, ọjọ́ náà bàjẹ́ nìyẹn. Mo ní, "Ìjòyè lè pé mẹ́fà láàfin, ọba kì í pé méjì."

Ó ní, "Ta ló fi ẹ́ jọba?" Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ tọ́jú ìyá arúgbó tó ń bá ṣiṣẹ́.

Ohun tó wà láàárín èmi àti ọmọ yìí kò sí nínú ìwé kóòtù kankan. Láti ìgbà tó ti ń rákò, n kì í jẹ́ kó jí láàárọ̀ láìkì í. N óò dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, n óò bẹ̀rẹ̀: ọmọ ẹwìrì tí í mí kí iná tó jí, ọmọ òòlù tí í sọ̀rọ̀ kí àkùkọ tó kọ. Oríkì ilé bàbá mi ni. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé bàbá ló ni oríkì orílẹ̀, àti pé oríkì alágbẹ̀dẹ kò lè di ti ọmọ tí alágbẹ̀dẹ ò bí. Ìyá mi gan-an gbọ́ mi lórí fóònù lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, oríkì wa kọ́ ni oríkì rẹ̀ o." Mo ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Wọ́n ní ẹnu mi ti mú jù láti kékeré. N kò bẹ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀, n kò sì ní bẹ̀ wọ́n lónìí. Kí ni mo fẹ́ fi jí ọmọ? "Good morning" lásán?

Ohun kan ṣoṣo ló wà tí n kò rí ṣe sí ọmọ náà. Aláriwo ni wá nílé bàbá mi. Àgbẹ̀dẹ kọ́ wa láti máa fi igbe sọ̀rọ̀, mo sì rò pé ọmọ tí mo tọ́ yóò pariwo bíi tèmi. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún. Pákó ilé wa máa ń ké tí ológbò bá gbà á kọjá, ṣùgbọ́n tòun, o ò ní gbọ́ nǹkan kan. N óò kàn yíjú, n óò sì rí i lẹ́yìn mi, tó dúró sójú kan. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti da tíì sára. Mo ti bẹ̀ ẹ́, mo ti bá a jà: "Máa jẹ́ kí n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ, ṣé o ti gbọ́?" Á ní, "Yes, Daddy," á sì lọ bí ẹ̀mí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ní ìsinmi kan, wọn kò lọ sí ilé ìwé, ìyá rẹ̀ sì wà níbi iṣẹ́. Mo mú un dání. A wọ ọkọ̀ ojú irin D, ara mi ń gbóná, mo ń dìde kí a tó dé ibi tí a fẹ́ sọ̀, mo ń jókòó padà. Ó fọwọ́ lé mi lórúnkún bí ẹni tó fẹ́ dá ẹ̀rọ dúró. Ní ṣọ́ọ̀bù, mo tún gbé fàdákà ọ̀hún sábẹ́ iná, bẹ́ẹ̀ mo ti ya fọ́tò rẹ̀ tó tẹ́ ọ̀gá mi lọ́rùn. Ìgbà tí mo gbọ́ ohùn létí mi ni mo tó mọ̀ pé ọmọ ti wà lẹ́yìn mi.

"Dádì, ta ni ẹni abẹ́ yẹn?"

Mo sọ ìtàn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà fún un. Mo yọ ọ̀rọ̀ bàbá tí wọ́n pa kúrò níbẹ̀. Ó gba gíláàsì lọ́wọ́ mi, ó dojú kọ fàdákà náà pẹ́, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ó rò pé òun ti bò ó. See, Dádì! Ẹni abẹ́ ń yọjú."

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ohun tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Ọjọ́ Sunday dé. A ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, mo yí àga pálọ̀ padà, mo tún un yí padà sí bó ṣe wà. Páìpù ìgbóná ilé wa ń lu gbàgà-gbàgà nínú ògiri, bó ṣe máa ń ṣe tí òtútù bá mú. Ìyá àgbà dé pẹ̀lú ọmọ wọn obìnrin tó fi ọkọ̀ gbé wọn wá, ẹni yẹn sì ní òun á dúró nínú ọkọ̀ nísàlẹ̀, nítorí kò sí ibi tó lè gbé e sí. Mo dọ̀bálẹ̀. Obìnrin kúkurú ni wọ́n, wọ́n wé gèlè dúdú, wọ́n sì wò mí láti òkè délẹ̀ kí wọ́n tó ní kí n dìde. Wọn kò mọ ohun tí wọn yóò pè mí. Wọ́n ní, "Ẹ kú ilé o, ọkọ ìyá ọmọ wa." Mo gbé e mì.

Wọ́n jókòó. Wọ́n ṣàlàyé pé ẹran ẹtu gbígbẹ ni àwọn dì bọ̀ fún ọmọ, ṣùgbọ́n àwọn aṣọ́bodè gbà á ní pápákọ̀ òfurufú. "Wọ́n já a gbà bí ẹni tó gba ìbọn lọ́wọ́ olè. Ẹran tí ọmọ ìyá mi fọwọ́ ara rẹ̀ pa nínú igbó!" Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo rántí pé ìjà la fẹ́ jà.

"Ọmọ ńkọ́?" ni wọ́n bèèrè.

"Ó wà ní yàrá, mà. Ó ń bọ̀."

Kò sí ní yàrá. Ó ti dúró lẹ́yìn àga wọn, a kò mọ ìgbà tó dé. Wọ́n bojú wẹ̀yìn, wọ́n rí i, wọ́n sì fọwọ́ bo ẹnu.

"Bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe mí nìyí," ni wọ́n wí, kì í ṣe sí wa. "N óò máa dáná, n óò kàn rí i lẹ́yìn mi. Mo máa ń ní yóò pa mí lọ́jọ́ kan. Ọdẹ ni wọ́n nílé wọn, ẹsẹ̀ wọn kì í dún."

Ọmọ kúnlẹ̀. Ìyá àgbà gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tí n kò rò pé ó lè ti ẹnu wọn jáde. Ọmọ ọdẹ tí í rìn tí ewé gbígbẹ kì í mọ̀. Ọmọ a-dúró-sójú-kan-bí-igi títí ẹran yóò fi fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ó pọ̀, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n ọmọ kàn ń wò wọ́n pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni, bí ẹni tí wọ́n ń pe orúkọ ẹlòmíràn níwájú rẹ̀. Orí rẹ̀ kò wú. Ìyá àgbà rí i, wọ́n sì dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀.

"Ṣé ẹ kì í kì í nílé yìí ni?"

Ọmọ ló dáhùn kí n tó lanu. "Wọ́n ń kì mí, Mama. Every morning." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka tiwa, ẹwìrì, òòlù, àkùkọ, gbogbo rẹ̀ pátá, pẹ̀lú ohùn Bronx rẹ̀ tí kò ní òkè, tí kò ní ìsàlẹ̀, bí aṣọ tí wọ́n lọ̀. Kò já ìkankan sílẹ̀.

Inú mi dùn. N kò ní purọ́. Orí èmi ló wú níjọ́ náà, ó wú débi pé mo gbàgbé ẹni tó jókòó níwájú mi. Ìgbà tí mo wò wọ́n, omi ti kún ojú wọn, wọ́n sì ń wò mí bí ẹni tó dé oko rẹ̀ tó bá ebè ẹlòmíràn níbẹ̀.

"Alágbẹ̀dẹ ni yín," ni wọ́n wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Alágbẹ̀dẹ tó bá ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀."

Mo múra láti dá wọn lóhùn. Mo ti kó gbogbo òwe mi jọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti pè: pé ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó, pé níbo ni wọ́n wà nígbà tí ibà ń ṣe é. Wọn kò jẹ́ kí n rí àyè lò ó.

"Mo fẹ́ bá yín jà," ni wọ́n wí. "Gbogbo ọ̀nà láti Williamsbridge ni mo fi ń kó ẹjọ́ jọ. Mo fẹ́ gba orúkọ. Ṣùgbọ́n mo ti rí i báyìí pé orúkọ kọ́. Inú ìwé ni orúkọ wà, ìwé kì í kí ọmọ ní òwúrọ̀. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ níbi tó wà." Wọ́n fi etí gèlè nu ojú. Ohùn wọn wá bọ́ sílẹ̀, wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ bí ìyá ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. "Ẹnu rẹ ni mo fẹ́. Fi ẹnu rẹ yìí máa kì í ní oríkì bàbá rẹ̀. Èmi ti dàgbà, n kò ní pẹ́ níbí. Ìwọ lo wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láràárọ̀."

Mo dìde. Mo ní mo fẹ́ ra nǹkan. Mo wọ jákẹ́ẹ̀tì, mo sọ̀ kalẹ̀ nínú àtẹ̀gùn gígùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè wa, mo dé ìsàlẹ̀, mo tún gun ún padà, mo rìn dé orí afárá, mo wo omi, n kò rí ohun tí mò ń wò. Ká ní orúkọ ni wọ́n gbà, n óò ti jà, àwọn lọ́yà wà níbẹ̀. Kí ni ènìyàn fi ń jà nítorí ẹnu ara rẹ̀? Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹ̀rù ń bà mí pé àárọ̀ tí mo bá fi oríkì ọdẹ kì í, orí rẹ̀ yóò wú fún un bí kò ṣe wú rí fún tèmi, àti pé ara òun fúnra rẹ̀ yóò sọ ilé tó ti wá fún un. Tí ìyẹn bá ti ṣẹlẹ̀, kí ni èmi jẹ́? Ọkọ ìyá ọmọ. Mo rántí ọba tó ń kánjú. Mo bínú sí ọ̀gá mi lákọ̀tun.

Nígbà tí mo wọlé, ìyá àgbà ti lọ. Ìyàwó mi ń fọ abọ́, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo mọ̀ pé ohùn rẹ̀ wà lẹ́yìn ìyá àgbà. Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ. Ọmọ sì ti wà lẹ́yìn mi.

"Dádì, kí ni Mama yẹn ń pè mí?"

"Oríkì bàbá tó bí ọ."

"Ẹ kì mí."

"N kò mọ̀ ọ́n."

Ó gbé èjìká sókè. "Ẹ kọ́ ọ."

Bí ó ṣe rọrùn tó lójú rẹ̀ nìyẹn, bí ẹni ní kí n ra mílíìkì bọ̀.

Mo bá ara mi jà fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Mo ń kì í ní tiwa láàárọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi ti wúwo, ó sì ń dúró lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn tí mo bá parí, bí ẹni tó ń retí ìyókù. Níkẹyìn mo tẹ ìyá àgbà láago láti ilé ìdáná, kí ọmọ tó jí. Wọn kò bi mí ìdí tí mo fi pè. Wọ́n kì í, mo kì í tẹ̀lé wọn, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ohùn alágbẹ̀dẹ! Ìwọ bàbá ọmọ yìí, rọra. Ẹran á ti sá lọ. Fi ohùn rìn bí ẹni tí kò fẹ́ kí ewé mọ̀."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n pè mí ní bàbá ọmọ. Mo sáré da omi sínú kẹ́tùlù, kí n lè rí nǹkan ṣe.

Nígbà tí mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n, mo lọ dúró síbi tí mo ti ń dúró láti ìgbà tó ti ń rákò. Ó ń díbọ́n pé òun ń sùn. Mo fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdẹ tí í rìn tí ewé gbígbẹ kì í mọ̀. Mo rí ọrùn rẹ̀ tó nà lórí ìrọ̀rí. Mo rí èjìká rẹ̀ tó tẹ́, tí ìmí rẹ̀ sì jinlẹ̀, tí ojú rẹ̀ tó dì rọ̀ bí ẹni tí wọ́n da omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí lẹ́sẹ̀. Orí rẹ̀ wú. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ṣẹlẹ̀ níwájú mi, ó dùn mí gan-an, n kò sì dákẹ́. Ọmọ a-dúró-sójú-kan-bí-igi. Mo ń bá a lọ, mo ń ṣọ́ ohùn mi, mo ń wá ìlà tó kàn, ẹnu mi sì yọ̀, ó já sí ibi tó ti mọ̀ láti ọdún wọ̀nyí: ọmọ òòlù tí í sọ̀rọ̀ kí àkùkọ tó kọ.

Mo dákẹ́ lójijì. Ọmọ ò la ojú. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Dádì," ó wí, "ẹni abẹ́ ń yọjú o."

Mo ní kó má bínú, kó jẹ́ kí n tún un kì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní rárá, kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.